Ìpìlẹ̀ Ilé Àtijọ́ Tó Ń Rì: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Ọ́n àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ onílé ní Àkúrẹ́ ń ra àpò sìmẹ́ńtì kí bíríkìlà lè dí ògiri tó sán, kí pẹ́ńtà sì kùn ún mọ́ ojú. Kí òjò tó rọ̀ dé Oṣù Keje, ojú kan náà á tún ti lanu. Kì í ṣe pé sìmẹ́ńtì náà kò dára, bíríkìlà náà kò sì fi iṣẹ́ ṣeré. Ilẹ̀ abẹ́ ilé ló ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá ohun tó ń gbé e lọ. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, omi la ó kọ́kọ́ lé, ilẹ̀ la ó wá tú wò, ìpìlẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ògiri ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá da ètò yìí rú, owó rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ.

Ilé ilẹ̀ ni mo ní lọ́kàn: ilé búlọ́ọ̀kù tó ti tó 30 tàbí 40 ọdún, àti ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, irú èyí tó ṣì pọ̀ ní Òkè-Àró, ní Ìsìnkàn àti lẹ́yìn Ọjà Ọba. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiyín, Ìpele 1 sí 4 á wúlò fún yín, àmọ́ kí dígà má kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láìsí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Fún àyẹ̀wò:
- téépù, rúlà tó ní mìlímítà, pẹ́ńsùlù, àti ìwé àjákọ kan tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan míì
- ìṣó kọnkéré bíi 20
- POP díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àjà ilé
- rọ́bà funfun tó ń fi omi inú rẹ̀ hàn, kó gùn tó láti igun ilé kan dé ìkejì (tí ẹ bá rọ omi sí i, ojú omi ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba, òun lẹ ó fi mọ̀ bóyá igun kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ)
- okùn bíríkìlà, pẹ̀lú irin wúwo tí ẹ máa so mọ́ ìdí rẹ̀
- irin rọ́ọ̀dù 12 mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ẹ ti pọ́n ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó

Fún àtúnṣe, bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀: dígà, ṣọ́bìrì, hẹ́ẹ̀dì-páànù, báárò, sìmẹ́ńtì, yanrìn ṣáàpù, gíránáìtì ¾ ínǹṣì, rọ́ọ̀dù 12 mm, pákó 2 ínǹṣì nínípọn, àti igi tó lágbára tí ẹ máa fi ti ògiri.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, ni kí ẹ fi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé ní Oṣù Kẹsàn-án, òjò kan péré lè wó etí kòtò náà sínú, kí ògiri sì tẹ̀ lé e.

Ìpele 1: Ṣé lóòótọ́ ni ilé ń rì?

Ògiri lè sán kó má jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló fà á. Ẹ fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ha sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kúrò lórí ibi tó sán, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Tí búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ kò bá sán, rírẹ́ nìkan ló yọnu. Ẹ tún un rẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ìlà tín-ín-rín tó ta kora wọn káàkiri ojú ògiri náà kì í ṣe ẹjọ́ ìpìlẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó yára gbẹ ló ń fa ìyẹn.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán: èyí tó là tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbi tí yàrá tí wọ́n fà kún ilé ti pàdé ògiri àtijọ́. Bíríkìlà kò jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù tuntun wọnú ti àtijọ́, ó kàn fẹ̀gbẹ́ wọn kan ara wọn ni. Tí ilẹ̀ yàrá tuntun bá ṣì wà ní déédéé ti àtijọ́, ẹ má fòyà. Tó bá ti rẹlẹ̀ sí i, ẹ máa bá wa bọ̀.

Èyí tó jẹ́ ti ìpìlẹ̀ ni èyí tó ń gun òkè bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ẹ sì rí i nínú àti níta ní ojú kan náà. Ẹ wo ibi tó ti fẹ̀ jù. Tó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé ló ń lọ sílẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ igun tí ìlà náà ń gùn lọ sí. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló fẹ̀ jù, àárín ògiri ló ń rì, igun méjèèjì sì dúró.

Káàdì ATM yóò ràn yín lọ́wọ́ láti wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan kò tó mìlímítà 1. Tí mẹ́fà tí ẹ tò lé ara wọn bá wọlé, ó ti ń lọ sí mìlímítà 5. Títí dé mìlímítà 5, ẹ ní àyè láti fi sùúrù ṣe é. Láti 5 sí 15, ilẹ̀kùn á ti máa há, fèrèsé kò ní tì mọ́, ó sì yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Tó bá ti ju 15 lọ, ẹ pe ẹnjiníà. Tó bá ti ju 25 lọ, kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú yàrá náà.

Ẹ so irin wúwo mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ orí ògiri níta títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ògiri lókè, kí ẹ tún wọn ti ìsàlẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó ínǹṣì 1, ògiri ti ń dà. Ẹ fi igi tì í lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó ronú ohun míì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn gbé rọ́bà omi dé, kó rí i pé igun kan fi ínǹṣì 1 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, kó sì kígbe pé ilé ti rì. Ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ sàmì sí ojú omi ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé. Bí ó bá yí padà nígbà tí ẹ bá tún un wọ̀n ni ẹ̀rí.

Àyẹ̀wò: ẹ ya àwòrán ilé náà sínú ìwé, yàrá sí yàrá, kí ẹ fi ibi tó sán síbẹ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá lè fi ìka tọ́ ibi kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ ń fà sí, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. Tí wọ́n bá ń fà sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má dá a ṣe.

Ìpele 2: Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń rìn

Ilé míì ti rì tán láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti jókòó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò ìpìlẹ̀ tuntun rárá, dídí ògiri ló kù. Iṣẹ́ ńlá làwọn bíríkìlà kan fẹ́ràn, nítorí náà kí ẹ fi ẹ̀rí yín lọ́wọ́ kí ẹ tó pè wọ́n.

Ẹ kan ìṣó kọnkéré kan sí apá ọ̀tún ibi tó sán, kan sí apá òsì, kó wọ inú búlọ́ọ̀kù dáadáa. Èyí tó bá dúró nínú rírẹ́ nìkan á purọ́ fún yín. Ẹ wọn àárín orí ìṣó méjèèjì ní mìlímítà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú mẹ́ta lórí ìlà kan: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ po POP, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú sísán náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Bí ògiri bá mira díẹ̀ báyìí, POP á sán.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kà á. Ó dára jù kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òjò bá a lẹ́nu rẹ̀, torí ìgbà tó ń fẹ̀ ló ń sọ ohun tó fà á. Tó bá jẹ́ pé ìgbà òjò ló ń fẹ̀, omi ló ń sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tàbí tó ń wọ́ ọ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fẹ̀, tó sì ń pa ẹnu dé nígbà òjò, amọ̀ ló ń súnkì, ó sì ṣeé ṣe kí gbòǹgbò igi ńlá wà nítòsí tó ń mu omi ilẹ̀. Tó bá ń fẹ̀ láìka ìgbà sí, ihò ló wà níbẹ̀, tàbí páìpù tó ń jò tọ̀sán-tòru.

Àyẹ̀wò: bí ìwọ̀n kò bá yí padà láti ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi parí, tí POP kò sì sán, ẹ fo Ìpele 5, 6 àti 7. Ẹ ṣe Ìpele 4 kí ẹ lọ sí Ìpele 8. Bí ó bá ń fẹ̀ ní mìlímítà 1 láàárín oṣù kan, ẹ má dúró de ìparí òjò mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Ìpele 3 lọ́jọ́ kejì.

Ìpele 3: Kí ló ń gbé ilẹ̀ lọ?

Ibi tí àwọn èèyàn ń sáré kọjá nìyí, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn máa ń wà.

Ẹ mú agbòjò, kí ẹ jáde sínú òjò. Ẹ yí ilé ká nígbà tó ń rọ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tó dá. Páànù àtijọ́ tí kò ní gọ́tà ń da omi sí ojú kan náà láti ọdún tí wọ́n ti kàn án. Ẹ máa rí ìlà tí omi ti gbẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní àdúgbò tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá a máa wọ́ láti ilé òkè wá, kó ha ẹsẹ̀ ilé yín títí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta. Bí ẹ bá lè rí kọnkéré ìpìlẹ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀, ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yẹn ti ń ké pè yín.

Ẹ wá yíjú sẹ́yìn ilé. Omi balùwẹ̀ ńkọ́? Nínú ilé àtijọ́, ihò kékeré kan ló máa ń wà nídìí ògiri balùwẹ̀ tí omi ń gbà jáde, kò sì sí ohun tó gbà á lẹ́yìn ibẹ̀. Ilé tí èèyàn mẹ́jọ ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ fojú wo iye garawa omi tí ilẹ̀ igun yẹn ń mu. Mo máa ń bi onílé nípa balùwẹ̀ kí n tó wo ògiri rẹ̀.

Páìpù: ní alẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, kí ẹ sì sàmì sí ojú omi inú táǹkì. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, páìpù kan ń jò sínú ilẹ̀.

Sókàwéè: tó bá sún mọ́ ògiri, tí koríko ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo àyíká ti gbẹ ní Oṣù Kìíní, omi rẹ̀ ń rìn lọ sábẹ́ ilé.

Lẹ́yìn náà ni ihò tí kò hàn mọ́. Àwọn tó kọ́ ilé amọ̀ kì í lọ jìnnà gbẹ́ amọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á po ó níbẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n. Kòtò tó ṣẹ́ kù, ààtàn ni wọ́n sọ ọ́ dà: eérú, èèpo iṣu, àfọ́kù ìkòkò, agolo. Nígbà tó kún, wọ́n gbá a tẹ́jú. Ọmọ wá dàgbà, ó fẹ́ fa yàrá méjì kún ilé bàbá rẹ̀, orí ibẹ̀ ló kọ́ ọ sí. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò ní yé rì títí gbogbo ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ á fi jẹrà tán. Bákan náà ni ṣáláńgá tí wọ́n dí, àti kànga tó ti gbẹ. Ẹ lọ bá àgbàlagbà tó pẹ́ jù nínú agbo ilé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í pé: “Màmá, níbo ni wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ilé yìí? Ibo ni ṣáláńgá wà nígbà náà?” Ìdáhùn wọn á dín owó yín kù ju ìdáhùn ẹ̀rọ kankan lọ.

Ìkìlọ̀ tí kò ṣeé fojú fò: bí ẹ bá ṣí ṣáláńgá, kànga tàbí sókàwéè àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Gáàsì inú rẹ̀ ń pa èèyàn, ó sì tún ń pa ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti gbà á.

Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ tún wo òkúta. Òkúta wà lábẹ́ ìlú yìí, ibòmíràn ó yọ sókè láàárín àdúgbò. Bí apá kan ilé bá jókòó lórí òkúta, tí apá kejì sì wà lórí ilẹ̀ lásán, apá òkúta kò ní mira, èkejì á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ògiri á sì ya láàárín. Fún ilé tó wà létí Odò Àlà, tí omi ń ru sókè nínú ilẹ̀ nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ gbólóhùn kan: “Igun báyìí ń rì nítorí báyìí.” Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì gbẹ́ nǹkan kan.

Ìpele 4: Ẹ lé omi lọ

Ẹ kan gọ́tà mọ́ etí páànù, kí páìpù gbé omi rẹ̀ lọ sí gọ́tà ìta. Ẹ fa omi balùwẹ̀ sínú páìpù PVC 3 ínǹṣì títí tó fi jìnnà sí ilé. Ẹ tún páìpù tó ń jò ṣe. Bí sókàwéè bá sún mọ́ ilé jù, òmíràn ni kí ẹ gbẹ́ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, kí wọ́n fa ti àtijọ́ gbẹ, kí wọ́n sì fi yanrìn àti òkúta dí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ da pèpéle kọnkéré yí ilé ká, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó nípọn ní ínǹṣì 4, kí etí rẹ̀ lóde sì fi ínǹṣì 1½ rẹlẹ̀ ju etí tó kan ògiri lọ. Àwọn kan máa ń dà á sórí ilẹ̀ rírọ̀ tí wọn kò gún. Pèpéle náà á sán láàárín ọdún kan, omi á gba ojú sísán náà wọlé tààrà, á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gún ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa ná. Ẹ sì jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, kí òjò má baà ta wọ ògiri.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní kọjá ìpele yìí. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí omi kò sì dé ibẹ̀ mọ́, ìṣó inú ògiri á dúró lójú kan. Owó tí mo gbà pé kò ṣòfò rí lórí ilé àtijọ́ ni owó gọ́tà.

Àyẹ̀wò: ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi kan sí ìdí ògiri. Kí gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sóde láìdúró. Ẹ jẹ́ kí ìgbà òjò kan kọjá, kí ẹ máa ka ìṣó. Àfi tó bá ṣì ń rìn lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ̀ síwájú, tàbí tó bá jẹ́ pé ààtàn tàbí ihò ni ẹ rí ní Ìpele 3.

Ìpele 5: Ẹ tú ilẹ̀ wò

Ẹ gbẹ́ kòtò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun tó ń rì, kí ẹ gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun tó dúró ṣinṣin. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀ ti tó. Ẹ máa gbẹ́ títí ẹ ó fi rí abẹ́ kọnkéré ìpìlẹ̀. Ẹ kọ jíjìn rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ sínú ìwé. Kì í ṣe nǹkan tuntun láti bá ìpìlẹ̀ tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, tàbí kí ẹ má bá kọnkéré rárá, kó jẹ́ òkúta tí wọ́n tò lásán.

Ẹ ti rọ́ọ̀dù ṣóńṣó náà wọ ilẹ̀ kòtò pẹ̀lú ọwọ́. Tó bá wọlé ju ínǹṣì 2 lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ilẹ̀ yẹn kò lè gbé ilé. Ẹ máa gbẹ́ lọ, kí ẹ máa fi rọ́ọ̀dù dán an wò, títí ẹ ó fi kan èyí tó kọ̀ fún un, tí dígà sì ń dún lórí rẹ̀.

Ohun méjì máa ń tan èèyàn jẹ níbí. Èkíní, gbogbo ilẹ̀ ló ń le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ da omi sínú kòtò ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ mọ́ bá a, kí ẹ tó tún ti rọ́ọ̀dù wọlé. Èkejì, ilẹ̀ pupa olókúta wẹ́wẹ́ tó wà lókè lè le koránkorán, kí amọ̀ rírọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kan ilẹ̀ líle, ẹ lu ún síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 1 ó kéré tán kí ẹ tó gbà pé ẹ ti dé ibi tó dára.

Kòtò tó bá ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ẹ fi pákó àti igi ti etí rẹ̀ kí lébìrà tó wọlé. Tí ilẹ̀ líle kò bá sí títí dé ẹsẹ̀ bàtà 6, ọ̀rọ̀ ti kọjá bíríkìlà. Ẹnjiníà ló kàn.

Ìpele 6: Ẹ fi ẹsẹ̀ tuntun sábẹ́ ilé

Iṣẹ́ yìí ni gbígbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí kọnkéré tuntun gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ líle. Kò nira lóye. Ohun tó ń pa èèyàn nínú rẹ̀ ni ìwàǹwára. Ọ̀gá bíríkìlà tó ti ṣe é rí ni kó darí rẹ̀, kí ẹnjiníà sì wá wò ó ó kéré tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

*Pínpín ògiri.* Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín ìsàlẹ̀ ògiri sí ẹsẹ̀ bàtà 4, 4. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 20 á jẹ́ apá márùn-ún. Ẹ kọ 1, 2, 3, 4, 5 sí i. Bí ẹ ó ṣe gbẹ́ ẹ ni: 1, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 5, kí 3 kẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbẹ́ apá tó fẹ̀gbẹ́ kan èyí tí kọnkéré rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ 7. Lébìrà á sọ fún yín pé àwọn lè gbẹ́ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n lè gbẹ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri kò ní ohun tó máa dúró lé.

*Títi ògiri.* Kí dígà tó kan ilẹ̀, ẹ fi igi ti ògiri láti ìta ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìdí igi wà lórí pákó ńlá tó jìnnà sí kòtò. Ẹ fi igi gbé òkè fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó wà lórí apá náà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé inú yàrá tó kan ògiri yẹn títí iṣẹ́ á fi parí.

*Gbígbẹ́.* Ẹ gbẹ́ kòtò láti ìta, kó fẹ̀ tó kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá ti dé ilẹ̀ líle, ẹ wá gbẹ́ wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, títí dé etí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ náà, torí erùpẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ máa fún mọ́lẹ̀, ilé á sì tún rì. Ẹ gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ gbá rọ́ọ̀dù 12 mm mẹ́rin wọ ẹ̀gbẹ́ kòtò, ní apá tí kọnkéré tó kàn máa wà, kí ìdajì rẹ̀ yọ síta, kí apá méjèèjì lè di ara wọn mú.

*Dída kọnkéré.* Àpò sìmẹ́ńtì 1 (50 kg) kún hẹ́ẹ̀dì-páànù 2. Ẹ fi yanrìn ṣáàpù hẹ́ẹ̀dì-páànù 4 àti gíránáìtì 8 sí i. Omi kò gbọdọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ fún àpò kan, bí yanrìn bá sì tutù, kó dín sí i. Àwọn lébìrà fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn bí ọbẹ̀ torí ó rọrùn láti dà. Ẹ má gbà. Fún apá kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó fẹ̀ ní 2½, tí kọnkéré rẹ̀ sì ga ní 3, àpò 5 sí 6 ló ń lọ, ẹ fi ìyẹn ṣírò kí ẹ tó lọ ra ọjà. Ẹ fi pákó dá ojú ìta rẹ̀ dúró, ẹ máa fi igi gún kọnkéré náà kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì dá a dúró níbi tó bá ku ínǹṣì 3 kó kan abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́.

*Dídí àlàfo.* Àlàfo ínǹṣì 3 yìí ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń bà jẹ́. Wọ́n á da kọnkéré tutù dé òkè, wọ́n á ní ó ti kún. Kọnkéré ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, àlàfo tín-ín-rín á ṣẹ́ kù tí ojú kò rí, ilé á sì jókòó sórí afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré náà lo ọjọ́ 2. Lẹ́yìn náà, ẹ po sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn ṣáàpù 3, pẹ̀lú omi ìwọ̀nba. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó di ìṣù láìjẹ́ kí omi kán. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti òòlù kì í wọnú àlàfo náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lù ú kíkankíkan.

Àyẹ̀wò: lọ́jọ́ kejì, ẹ fi òòlù kan ojú ibi tí ẹ kì. Kó dún gan-an bí òkúta. Tó bá dún bọ̀ọ̀, ẹ tú u jáde, ẹ tún un kì. Ẹ ka ìṣó ògiri kí ẹ tó gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn tí ẹ bá dí i. Tí ìwọ̀n bá yí padà ju mìlímítà 1 lọ láàárín iṣẹ́, ẹ dá dúró, ẹ fi kún igi tó ti ògiri, ẹ pe ẹnjiníà.

Nígbà tí apá kọ̀ọ̀kan bá pé ọjọ́ 7, ẹ dá erùpẹ̀ padà sínú kòtò ní ínǹṣì 6, 6, kí ẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó lé e. Ẹ má dá ìdọ̀tí àti koríko padà sínú rẹ̀.

Ìpele 7: Bó bá jẹ́ ilé amọ̀

Ògiri amọ̀ kò lè na ara rẹ̀ kọjá lórí kòtò bí ti búlọ́ọ̀kù. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ni kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí igi tó ti ògiri pọ̀ sí i. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí rírẹ́ ìsàlẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìpìlẹ̀ kọ́ ló ń rì, ìdí ògiri ló ti jẹrà. Omi gba ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, amọ̀ di ẹrẹ̀ nínú ẹ̀wù, ikán sì wọ ibẹ̀. Tí ìka yín bá lè gbẹ́ amọ̀ náà, ẹ gé apá tó jẹrà jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 2, 2, gẹ́gẹ́ bí ètò nọ́ńbà òkè yẹn, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó kún inú rọ́pò rẹ̀.

Bí igun kan bá ti dà jù, èrò tèmi ni pé kí ẹ tú igun náà palẹ̀, kí ẹ tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ó dín owó kù, kò sì wu ẹ̀mí ẹnikẹ́ni léwu.

Ìpele 8: Ìgbà yìí ni ká tó dí ògiri

Ẹ má fọwọ́ kan ògiri títí ìgbà òjò kan á fi kọjá lórí iṣẹ́ náà. Ẹ máa ka ìṣó. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ojú kan láàárín búlọ́ọ̀kù, kó kọjá lórí ibi tó sán ní ìdúbúlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 1½ sí apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀dù 10 mm sínú rẹ̀, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn 3 bò ó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlà búlọ́ọ̀kù kejì-kejì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́ sí méjì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ kan wáyà nẹ́ẹ̀tì sórí ojú náà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Fún ilé amọ̀, ẹ má gé ojú kankan. Wáyà nẹ́ẹ̀tì àti rírẹ́ ti tó.

Ilẹ̀kùn tó ń há, káfíńtà lè wá fá a báyìí. Bó bá fá a kí ìpìlẹ̀ tó jókòó, àlàfo á ṣí lókè rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ fi ìṣó méjì sílẹ̀ nínú ògiri lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, níbi tí kò hàn, lẹ́yìn àga tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ìwọ̀n wọn kò bá yí padà títí òjò Oṣù Kẹwàá fi dáwọ́ dúró, ẹ lè pe pẹ́ńtà.